Wákàtí Kan Lórí Tábìlì

Ìyá àgbà kan fi àtàńpàkò ti eyín àtọwọ́dá òkè jáde lẹ́nu, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì dókítà bí ẹni ń dá ẹrù padà fún olóhun. Ẹ̀jẹ̀ wà létí eyín náà. Kò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, bí òwú pupa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò rí i nínú yàrá ìtọ́jú náà.

"Mo gbìyànjú," ni ìyá wí, ó ti fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. "Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Mo ní bóyá ẹnu tèmi ló ń ṣe agídí."

Ọ̀rọ̀ yìí dun ọmọbìnrin tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn wọ egungun. Kò tíì ju oṣù márùn-ún lọ tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti kọ́ ọ ní iṣẹ́ ṣíṣe eyín àtọwọ́dá, kò sì tíì rí ìrẹ́jẹ kan tí ó lè gbójú fò. Obìnrin tó fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà, kí ó wá máa tọrọ àforíjì nítorí iṣẹ́ àìdáa ẹlòmíràn! Ó mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ó ti kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sí ojú ìwé mẹ́ta, ó ti fọwọ́ sí i, lẹ́tà náà sì wà lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ dókítà báyìí.

Ẹni tí ó fẹ̀sùn kàn jókòó sórí àpótí lẹ́bàá fèrèsé. Bàbá Ẹfun ni gbogbo ilé ìwòsàn eyín náà ń pè é, nítorí ìyẹ̀fun funfun tí kì í kúrò ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú yàrá iṣẹ́ tí ó wà lẹ́yìn. Òun náà ló sọ ọmọbìnrin yìí ní Lọ́yà, láti ọjọ́ kìíní tí ó ti bá a jiyàn lórí bí a ṣe ń po omi mọ́ ìyẹ̀fun.

Dókítà mú eyín náà, ó yí i wò, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ yẹ iṣẹ́ yìí wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí n tó fi oògùn sí egbò màmá tán, kí ẹ ti wá sọ ibi tó ti wọ́ fún mi. Bàbá, mi ò ní tàn yín. Tó bá jẹ́ bí lẹ́tà yìí ṣe wí ni, ibi tí a ń kó ẹrù sí ni ẹ ó máa ṣọ́ láti ọ̀la."

"Mo gbọ́," ni Bàbá wí.

Yàrá iṣẹ́ náà kò fẹ̀ ju kí ènìyàn méjì rọra kọjá lára wọn. Abọ́ rọ́bà mẹ́rin wà níbẹ̀, ọ̀bẹ pẹlẹbẹ, ìkòkò tí wọ́n fi ń se eyín, àti àpò pí-ó-pí, ìyẹ̀fun kan náà tí wọ́n fi ń di egungun tó bá ṣẹ́. Ẹnu àpò náà là sílẹ̀ sí afẹ́fẹ́. Èyí wà ní ojú ìwé kìíní lẹ́tà náà. Lọ́yà tún kọ ọ́ pé Bàbá kì í wọn omi, ojú ló fi ń mọ̀ ọ́n. Pé ìkúùkù ló fi ń lu abọ́ kí afẹ́fẹ́ lè jáde, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbólóhùn tó dùn mọ́ ọn jù ló fi parí rẹ̀: "Ẹnu aláìsàn kì í ṣe ibi tí à ń tọ́jú àṣà àtijọ́ sí."

Bàbá gbé àwòṣe ẹnu màmá sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ. Ọ̀dọ̀ dókítà ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Dókítà a po lẹ́ẹ̀ rírọ̀ kan tí wọ́n fi ewéko òkun ṣe, a tì í sẹ́nu aláìsàn nínú àwo kékeré. Ní ìṣẹ́jú méjì, lẹ́ẹ̀ náà a dì, a sì gba àmì ẹnu, pẹ̀lú gbogbo kòtò àti gegele rẹ̀. Inú àmì yẹn ni wọ́n ń da pí-ó-pí sí, tí í le bí òkúta, tí í di ẹnu kejì tí ó ṣeé gbé sórí tábìlì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n omi ló pọ̀ jù nínú lẹ́ẹ̀ náà. Bí wọn kò bá da pí-ó-pí sí i kíá, tàbí kí wọ́n fi aṣọ tútù wé e, omi a fà kúrò lára rẹ̀, a sì sún kì. Ojú lásán kì í sábà rí i. Ẹran ìdí eyín ló ń mọ̀.

"Pí-ó-pí ò ní inú burúkú," ni Bàbá máa ń wí. "Ohun tí o bá fi hàn án ló máa tún sọ."

Ìdí nìyí tí ó fi máa ń fi ìṣó fa aago méjì sí ìdí àwòṣe kí ó tó le: ìgbà tí àmì kúrò lẹ́nu, àti ìgbà tí wọ́n da pí-ó-pí sí i. Lọ́yà ka èyí sí eré ọmọdé.

Bàbá dojú àwòṣe náà dé. Aago kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé Lọ́yà.

"Ọjọ́ tí mo lọ yẹ ojú mi wò ní ọsibítù nìyí, mi ò sí níbí," ó wí. "Ìwọ lo dà á. Aago mélòó ni?"

"Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni, Bàbá."

Kò rò ó wò kí ó tó sọ ọ́. Ó dá a lójú bí orúkọ ara rẹ̀.

"Ó dáa." Bàbá gbé àwòṣe náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹni tó ń lé òótọ́ kiri bíi tìẹ ò ní purọ́ aago fún mi. Á jẹ́ pé ọwọ́ tèmi ni. Bóyá mo tètè yọ ọ́ nínú ìkòkò, tí kò tíì tutù." Ó wo ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bí ẹni ń wo ọmọ tó jalè. "Ṣé bí ogbó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí?"

Nígbà náà ni àárọ̀ ọjọ́ yẹn já wọ ọkàn Lọ́yà. Òun nìkan ló wà níbí. Wọ́n gbé àmì ẹnu màmá dé, pẹ̀lú bébà tí nọ́ọ̀sì kọ aago sí, ó sì sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó lè rí àyè tẹ́ ìwé. Ó ní ìlà mélòó kan péré ni òun fẹ́ kọ. Ṣùgbọ́n ìbínú ń ti bírò lẹ́yìn: ojú ìwé kìíní, èkejì, ẹ̀kẹta. Nígbà tí ó fọwọ́ sí i tán, fóònù rẹ̀ ń fi mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú hàn. Àmì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ láìbò. Etí kan lára àmì náà ti ń dìde díẹ̀. Ó rí etí náà. Ó ní kò sí nǹkan kan, ó sì da pí-ó-pí sí i.

Eérú ní í tọ ẹni tó dà á, àwọn àgbà wí. Wọn kò sọ pé ó lè kọ́kọ́ bà lé ẹlòmíràn lórí.

Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Bàbá ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kí lẹ rí?" ni dókítà bèèrè nígbà tí wọ́n wọlé.

"Ọwọ́ mi ni, Dókítà," ni Bàbá wí. "Nínú sísè ni."

Ìyá àgbà gbọn ọwọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí eyín tèmi lé bàbá kúrò nídìí iṣẹ́ wọn o. Èmi àti wọn, ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ayé? Ẹ jẹ́ kí n máa fi ìdí eyín jẹun mi lọ."

Dókítà ti mú bírò. Lọ́yà ń wò ó. Bí òun bá dákẹ́ títí bírò yẹn yóò fi kan ìwé, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ láé.

"Wákàtí kan," ni ó wí.

"Kí ló jẹ́ wákàtí kan?"

"Àmì ẹnu màmá. Mo fi sílẹ̀ lórí tábìlì fún wákàtí kan ó lé, mi ò bò ó. Ó ti sún kì kí n tó da pí-ó-pí sí i. Kì í ṣe Bàbá."

"Kí lò ń ṣe fún odidi wákàtí kan?"

Ó nawọ́ sí lẹ́tà náà.

Dókítà wo lẹ́tà, ó wo ọmọbìnrin náà, ẹ̀rín kúkúrú kan sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ikọ́. Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ilẹ̀, bí olùkọ́ tó ká akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé jù mọ́ ibi tó ti ń jí ìwé ẹlòmíràn wò. Bàbá Ẹfun ni kò gbé ojú kúrò lára Lọ́yà.

"Nígbà tí mo bi ọ́ ńkọ́?"

Kò pariwo. Lọ́yà ní ìdáhùn: òun kò tíì rántí nígbà yẹn. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ó ti rántí kí wọ́n tó kúrò ní yàrá iṣẹ́, ó tẹ̀ lé e gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì dúró títí bírò fi jáde. Ó gbé ìdáhùn náà mì.

Dókítà ká lẹ́tà náà sí méjì. "Ti àpò tó ń là sílẹ̀, òótọ́ nìyẹn o, Bàbá. Ẹ wá nǹkan dí i. Ẹnikẹ́ni ò lọ ṣọ́ ẹrù. Màmá, ẹ ṣàánú wa, ẹ la ẹnu lẹ́ẹ̀kan sí i."

Lọ́yà dúró ti àga pẹ̀lú aṣọ tútù títí lẹ́ẹ̀ fi dì. Ó wé àmì tuntun náà bí ẹni ń wé ọmọ ìkókó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé yàrá iṣẹ́. Ó wọn omi, ó po ìyẹ̀fun, ó dà á. Bàbá kò sún mọ́ ọn.

Láìpẹ́, pí-ó-pí náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bí í ti máa ń ṣe nígbà tó bá ń le. Ẹnikẹ́ni ló lè gbàgbé nǹkan sórí tábìlì, ó wí fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí bí lẹ́tà yẹn ti dùn ún kọ tó. Nínú ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibì kan ṣoṣo ni ó ti dárúkọ ẹnu aláìsàn, ibi tí gbólóhùn ti nílò rẹ̀. Ẹnu aláìsàn fúnra rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó ń gbẹ.

Bàbá mú ìṣó, ó wá jókòó sí ìdí àwòṣe náà.

"Aago mélòó lo dà á?"

"Méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, Bàbá. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ó kúrò lẹ́nu."

Bàbá gbé ẹnu ìṣó dúró lókè pí-ó-pí tó ń le. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó dìde, ó rìn dé ibi aago tó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì kà á fúnra rẹ̀.