Ojú Ọmọ Náà Pọ́n

Bí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù tó ní ọ̀dà pupa lòun ń fẹ́, Ọlọ́dà kì í tètè dìde lórí àga. Yóò kọ́kọ́ bi í pé, "Pupa wo nínú pupa? Ti ẹ̀jẹ̀ ni, ti epo, àbí ti inú ẹyin?" Obìnrin kan tiẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé ọ̀dà ló ń tà ni, àbí ìdánwò ló ń ṣe fún èèyàn. Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn o. Ta ló ń gbé ẹnu iṣẹ́ relé?

Nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ pé ọmọ ọjọ́ mẹ́ta, ó gbé e síbi fèrèsé láàárọ̀, ó wo ojú rẹ̀, àyà rẹ̀ sì já. Ó pe nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí ọmọ náà lórí fóònù.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ojú ọmọ wa pọ́n o."

"Ó pọ́n? Ṣé ó ń ṣe ipin?"

"Ipin díẹ̀ wà níbẹ̀."

"Ẹ má fòyà, bàbá ìkókó. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nù ún, kẹ́ ẹ kán òògùn ojú tá a fún yín sí i. Á lọ."

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń kán òògùn náà, wọn ò fo ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó yá, àyà ọmọ náà pọ́n, ikùn rẹ̀ pọ́n. Ìyá ìyàwó gbé e sókè, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. "Ẹ wo bó ṣe pupa! Èmi ló jọ." Kò purọ́, ìyá náà pupa lóòótọ́. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí ṣì ń bínú sí ẹ̀rín náà.

Lọ́jọ́ kẹfà, ọmọ kọ ọyàn, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn gan-an. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti bí i. Nọ́ọ̀sì ṣí aṣọ lójú rẹ̀, ó figbe ta.

"Yéè! Bí inú ẹyin lojú yìí rí! Ẹ̀jẹ̀ lẹ sọ fún mi!"

"Mi ò dárúkọ ẹ̀jẹ̀, mà. Mo ní ó pọ́n ni."

Nọ́ọ̀sì gba ọmọ náà, ó sáré gbé e lọ bá dókítà.

Dókítà ò fi bò fún wọn. Ó ní ká ní wọ́n gbé e wá lọ́jọ́ tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n ni, abẹ́ iná kan báyìí làwọn ì bá tẹ́ ẹ sí, tí gbogbo rẹ̀ á sì lọ. Ní báyìí, ibà pọ́njú náà ti wọ ọpọlọ. Ọmọ náà á yè, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni láyé, bóyá ló sì máa lè dá jókòó.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta yàrá. Ojú ti Ọlọ́dà débi pé kò lè gbórí sókè.

"Má bínú," ó wí.

Ìyàwó rẹ̀ ò wò ó. "Ta ni mo fẹ́ bínú sí? O ní ojú ọmọ pọ́n. Ṣé kò pọ́n ni?"