Iyọ̀ Nínú Omi Ẹ̀fọ́

Inú Kouboura ń hó. Samia, aládùúgbò rẹ̀ ní Houinmè, ti lọ bá obìnrin tó ń dáná fún ilé-ìwé, ó ní omi kòtò ni Kouboura fi ń fọ ẹ̀fọ́ gbọ̀mà tó ń tà fún wọn. Irọ́ gbuu! Láti ìgbà náà, Samia ni ilé-ìwé ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Yóò fojú winá," ni Kouboura ń sọ nígbàkígbà tó bá ń bomi rin ebè rẹ̀. Gbọ̀mà tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó já. Bí Samia bá já ilé-ìwé kulẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ni wọn yóò padà sí?

Ohun tó dùn ún jù ni pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Samia tó kàwé díẹ̀ ló là á yé e, ìdí tí ẹ̀fọ́ tó rọ fi ń jí bí wọ́n bá rẹ ẹ́ sómi kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́jà. Ó ní, "Sẹ́ẹ̀lì ló kún inú ewé yìí, yàrá kéékèèké tí awọ wọn ń jẹ́ kí omi wọlé, kí ó sì jáde. Ibi tí iyọ̀ bá pọ̀ sí ni omi máa ń lọ."

Kouboura kò gbàgbé. Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ kan, bí Samia ti lọ kí asùbáà ní mọ́sáláṣí, ó yọ́ wọ àgbàlá rẹ̀, ó da ìdajì àpò iyọ̀ sínú abọ́ ńlá tí Samia fi rẹ ẹ̀fọ́ sómi, ó rò ó pọ̀. Kí omi inú ewé jáde tán pátá!

Nígbà tí Samia dé, gbọ̀mà ti rọ bí àkísà.

"Yéè! Mo gbé!"

Igbe náà dùn mọ́ Kouboura dénú eegun. Ó dúró lẹ́yìn ọgbà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Àfi bí Samia ṣe gbé abọ́ náà láti da omi inú rẹ̀. Ẹlẹ́fọ̀ọ́ kì í fi omi ẹ̀fọ́ ṣòfò, Kouboura fúnra rẹ̀ ló sì gbẹ́ ọ̀nà omi láti àgbàlá Samia wá sórí ebè tirẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì ń jẹun pọ̀. Ìbínú kò jẹ́ kó rántí! Ó la ẹnu láti ké, "Má dà á!" Ṣùgbọ́n bó bá ké, ta ló sọ fún un pé nǹkan wà nínú omi? Ó ń wo omi náà bó ṣe ń ṣàn bọ̀, tó ń wọ ìdí gbọ̀mà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo gbọ̀mà orí ebè rẹ̀ ti dorí kodò. Samia wá fara ti ọgbà.

"Kouboura, pẹ̀lẹ́ o," ó ní. "Mo tọ́ omi náà wò kí n tó dà á."