Ikọ́ Pásítọ̀ Kékeré

Ẹ sún mọ́ ibí dáadáa. Ẹni tó bá ń jẹun kó máa fọwọ́ jẹ ẹ́, kó yá mi létí. Pásítọ̀ Kékeré ló dúró síwájú yẹn, tó ń wúkọ́.

Kò sí ikọ́ lára rẹ̀ o. Ara ọmọkùnrin náà le koko. Àmọ́ Pásítọ̀ Àgbà máa ń wúkọ́ kó tó ka ẹsẹ Bíbélì, òun náà sì rò pé bí wọ́n ṣe ń wàásù nìyẹn. Kóòtù ọrùn rẹ̀ gan-an, ti Pásítọ̀ Àgbà ni; apá rẹ̀ gùn dé ìka. Ìsìn àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ rèé: àga kún gbọ̀ngàn, èèyàn mẹ́sàn-án ló jókòó, méjì nínú wọn ń sùn. Alága ìgbìmọ̀ àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ láìfepo-bọyọ̀: bí gbọ̀ngàn bá ṣì ṣófo ní ìparí oṣù, òun á ti ìsìn náà pa.

Nígbà tí wọ́n gbàdúrà ìparí tán, Ìyá Ìjọ, ìyàwó Pásítọ̀ Àgbà, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, ìgbà wo ni ikọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀?"

Ó wolẹ̀. "Mà, kì í ṣe ikọ́ gan-an."

"Mo mọ̀. Ikọ́ ọkọ mi ni. Èmi ni mò ń fún un lóyin lá lálaalẹ́, mò ń bẹ Ọlọ́run kó bá mi mú un kúrò, ìwọ wá lọ ń kọ́ ọ."

Ẹ̀rín ń pa á, ojú tún ń tì í. Ó jẹ́wọ́ pé ẹ̀rù ló ń ba òun: ẹgbẹ́ òun làwọn tí òun ń wàásù fún, bí òun bá sọ̀rọ̀ bí ara òun, ta ni yóò ka òun sí? Ìyá Ìjọ ní ẹnikẹ́ni ò tọrọ Pásítọ̀ Àgbà méjì. Ọ̀kan tó wà nílé òun ti tó òun í bá yí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Ìyá Ìjọ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ó gba kóòtù lọ́rùn rẹ̀, ó ní ó di ẹ̀yìn ìsìn. Ó ti to àga yípo, kò sí ibi tí Pásítọ̀ Kékeré lè dúró sí, àfi kó jókòó láàárín wọn. Aránṣọ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Pásítọ̀, ìgbà wo lẹ̀rù bà yín gbẹ̀yìn?"

"Báyìí ni."

Ẹ̀rín bú jáde. Látìgbà náà, ẹnu ò sinmi mọ́. Onígbàjámọ̀ kan ní òun ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, yàrá ìyá òun lòun ṣì ń sùn: ṣé Ọlọ́run ti gbàgbé àdírẹ́sì òun ni? Pásítọ̀ Kékeré ní kó fọkàn balẹ̀, pálọ̀ ẹ̀gbọ́n òun lòun náà ń sùn sí. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n jọ gbàdúrà. Aránṣọ sunkún díẹ̀, ó ní ara òun fúyẹ́. Nígbà tí wọ́n tún máa pàdé, oníkálukú ti fa ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ dání.

Ìparí oṣù pé. Alága mú kọ́kọ́rọ́ wá láti tilẹ̀kùn, kò ríbi jókòó. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó fajú ro, ó ń gbọ́ bí ọmọbìnrin kan ṣe ń béèrè ọ̀nà tí òun lè gbà bẹ ọ̀rẹ́ tó ti ń yan òun lódì tipẹ́. Pásítọ̀ Kékeré rí i, àmọ́ kò yí ohùn padà. Ó dá ọmọbìnrin náà lóhùn tán, ó wò yíká.

"Ta ló tún kù?"

Ọwọ́ kan lọ sókè lẹ́bàá ògiri, tòun ti kọ́kọ́rọ́.