Ẹ̀ka Igi Tí Mo Fi Dí Ọ̀nà Etí Àpáta

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń mú àlejò gun òkè Kwezinga. Kò sí gbòǹgbò tó yọ sójú ọ̀nà nínú igbó yẹn tí n kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí àwáwí fún mi. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe ló lè sọ pé òun ṣèèṣì. Èmi mọ̀ ọ́n, mo sì ṣe é.

Bàbá ìyàwó mi, àgbàlagbà tí gbogbo abúlé ń pè ní Mzee Shemahonge, ló la ọ̀nà tó lọ sí Etí Àpáta. Òun àti ọkùnrin mẹ́fà ni, nígbà tí èmi ò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Ọkọ́, àdá àti èjìká lásán ni wọ́n fi ṣe é. Níbi tó bá ti gun jù, wọ́n to òkúta síbẹ̀ bí àtẹ̀gùn, títí ọ̀nà náà fi jáde síbi tí òkè ti parí lójijì. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, èèyàn á dúró níbẹ̀, á máa wo gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìsàlẹ̀: ojú irin, oko ewé tí wọ́n fi ń ṣe okùn, àti abúlé tí wọ́n bí Bàbá sí kí ìyá rẹ̀ tó pọ̀n ọ́n gòkè wá lọ́dún ìyàn. Gbogbo àwa amọ̀nà abúlé wa, orí ọ̀nà yẹn la ti ń jẹun.

Òun náà ló ṣe òfin ẹ̀ka. Kaniki, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà yẹn, já síbi tí ilẹ̀ ti ya lẹ́yìn òjò, ó sì kú, torí pé ẹni tó kọ́kọ́ rí ibẹ̀ kò fi àmì kankan sílẹ̀. Láti ìgbà náà, amọ̀nà tó bá rí ewu gbọ́dọ̀ gé ẹ̀ka tútù, kó fi dábùú ọ̀nà. Ẹni tó bá bá ẹ̀ka níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ré e kọjá, ì báà jẹ́ olórí abúlé. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ìdí. Mo mọ amọ̀nà tó ń mutí. Mo mọ èyí tó ń purọ́ fún àlejò pé àmọ̀tẹ́kùn wà nítòsí, kí wọ́n lè máa rìn kánkán. Ṣùgbọ́n n ò gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan fi ẹ̀ka ṣeré.

Nígbà tí ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, a gbé e lọ sí ọsibítù ní ìlú Tanga. Dókítà ní èyí tó ti lọ ti lọ nìyẹn, èyí tó kù náà kò sì ní pẹ́ tẹ̀lé e. Nígbà yẹn, ó ń ríran bí ẹni tó ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́. Kò sunkún, kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ló di apá mi mú.

"Hoza, lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá mọ́, mú mi lọ sí Etí Àpáta. Jẹ́ kí n wò ó tẹ́rùn, kí n lè rí nǹkan máa wò nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ṣókùnkùn."

Mo ní kò burú, Bàbá. Ṣùgbọ́n àsìkò tí kùrukùru kì í kúrò lórí òkè la wà. Ọjọ́ tó bá mọ́ díẹ̀, mo níṣẹ́. Òmíràn tó mọ́, ó rẹ̀ mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀. Mwanaidi ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ọmọ, ó ní bóyá kí bàbá òun lọ kun ara rẹ̀ ní ẹfun kó dà bí òyìnbó, bóyá nígbà náà ni màá ráyè tirẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àkókò ṣì wà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo jí, mo rí i pé ojú ọ̀run mọ́ kedere. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í tó mẹ́ta láàárín oṣù kan. Mo gbọ́ tí Bàbá ń wúkọ́ nínú yàrá. Mo gbé bàtà mi lọ́wọ́, mo yọ́ jáde. Àwọn tí mo fẹ́ mú lọ lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan ni àti ọmọbìnrin tó ń fẹ́. Ọmọkùnrin náà ti fà mí sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó fi òrùka kan tó tọ́jú sínú ìbọ̀sẹ̀ hàn mí. Ó ní Etí Àpáta lòun ti fẹ́ bèèrè bóyá á fẹ́ òun, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀.

Mntangi, amọ̀nà bíi tèmi, ló ń bọ̀ lẹ́yìn wa pẹ̀lú àlejò mẹ́jọ tí ariwo wọn dà bíi ti ẹyẹ ẹ̀gà. Nígbà tí a dé oríta tí ọ̀nà Etí Àpáta ti yà, mo ní kí àwọn méjì yẹn máa lọ níwájú. Mo fa àdá yọ, mo gé ẹ̀ka kan, mo fi dábùú ọ̀nà. Mo sọ fún ara mi pé wákàtí kan péré ni.

Mntangi rí ẹ̀ka, ó darí àwọn èèyàn rẹ̀ sí ibi tí omi ti ń dà wálẹ̀ láti orí òkè. Ọmọkùnrin náà bèèrè, ọmọbìnrin náà gbà, ó sunkún, ó dì mọ́ mi. Orí mi wú bí ẹni pé èmi ni mo fa ìyàwó fún un. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní àwọn fẹ́ gba inú oko tíì sọ̀ kalẹ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì wọn, n kò sì gba oríta padà mọ́. Mo gbàgbé ẹ̀ka náà pátápátá.

Nígbà tí mo délé nírọ̀lẹ́, Bàbá jókòó síta, ẹrẹ̀ wà lára bàtà rẹ̀. Mwanaidi ló ròyìn fún mi. Ibi tó ti ń pọn omi ló ti rí ojú ọ̀run. Ó rò pé mi ò kíyè sí i nígbà tí mo ń jáde, ló bá fa bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Wákàtí méjì ni wọ́n fi rin ibi tí mo máa ń fi ìṣẹ́jú ogójì rìn. Ní oríta, ọ̀pá Bàbá kan ẹ̀ka. Mwanaidi ní kí òun ré e kọjá, kí òun lọ yẹ ibẹ̀ wò. Bàbá di etí ìró rẹ̀ mú. Ó ní Kaniki ò rí ẹ̀ka tó máa kìlọ̀ fún un, àwọn ti rí i. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí di ọ̀sán, wọ́n ń retí amọ̀nà tó máa wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kùrukùru ló wá, ó sì bo gbogbo òkè.

Bàbá gbọ́ ohùn mi, ó bi mí léèrè ẹni tó fi ẹ̀ka síbẹ̀.

Mo lè sọ òótọ́ nígbà yẹn. Ẹnu mi wà níbẹ̀, kò dùn mí. Ṣùgbọ́n irọ́ ni mo pa: "Èmi ni, Bàbá. Ilẹ̀ ló ya nísàlẹ̀ Etí Àpáta."

Ó ṣí fìlà rẹ̀. "O ṣeun, ọmọ mi. Ìwọ lo gba ẹ̀mí èmi àti ìyàwó ẹ là lónìí." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi, pé Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ yẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mwanaidi ń ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín.

Láti ọjọ́ kejì ló ti ń bèèrè bí àtúnṣe ṣe ń lọ. Mo ní ó ń lọ dáadáa. Mo máa ń gbé ọkọ́ jáde, màá lọ jókòó sábẹ́ igi, màá fi amọ̀ ra ọwọ́, kí n tó padà wálé. Ó tó oṣù méjì tí mo ṣe iṣẹ́ tí kò sí yìí. Mo ń dúró de ọjọ́ tí ojú ọjọ́ máa tún mọ́, kí n lè sọ pé mo ti parí. Nígbà tó fi mọ́, ojú Bàbá ti lọ tán, ooru oòrùn lára rẹ̀ ló fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Síbẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ. Ó ní òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ohun tí ọkọ ọmọ òun ṣe. Mwanaidi bá wa lọ. Ní oríta, Bàbá bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá òkúta kọ̀ọ̀kan. Ó ń sọ ẹni tó tò wọ́n. Kaniki ló to èyí. Èyí wúwo débi pé èèyàn mẹ́ta ló gbé e.  Nígbà tí a dé òkè, ó ní kí n fi ibi tí mo tún ṣe han òun.

Mo ní ibí ni.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì pa òkúta lára. Ó fọwọ́ kan ewéko tútù tó máa ń hù sára òkúta tó bá ti pẹ́. Ó fi ìka wá àárín òkúta kan sí èkejì. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Òkúta tèmi rèé, Hoza. Kò tíì kúrò níbi tí mo gbé e sí."

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: òrùka, Mntangi, wákàtí kan péré. N kò gbójú sókè. Mo ń retí kí Mwanaidi bú mi, kò bú mi. Ó ti kẹ̀yìn sí mi. Ì bá kúkú bú mi.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, Bàbá bi mí léèrè. "Ọmọbìnrin yẹn, ó gbà láti fẹ́ ẹ?"

"Ó gbà, Bàbá."

"Ó dáa." Ó dìde, ó kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. "Ojú ọjọ́ mọ́ lónìí?"

"Ó mọ́ kedere, Bàbá. Mo ń rí ojú irin, mo ń rí abúlé yín—"

Ó gbé ọwọ́ sókè, mo dákẹ́. "Mwanaidi, wá síbí. Ìwọ ni kó o sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi."

Mwanaidi wá dúró tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ pẹ̀tẹ́lẹ̀ yẹn. Ó ní òun rí èéfín lórí abúlé Bàbá, àfi bí ẹni pé gbogbo ilé ló ń dáná. Eruku màlúù ni. Ìgbà tí mo ti wo ibẹ̀ lọ́dún mọ́kàndínlógún kò lóǹkà, mo sì rí àwọn màlúù náà tí wọ́n ń kọjá. Bàbá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń mi orí, ó ní àwọn obìnrin abúlé àwọn kì í pẹ́ dáná ọ̀sán. Mo dúró lẹ́yìn wọn, n kò sọ fún wọn pé eruku ni.