Àpótí Onígíláàsì tí Ẹnjinía Gbé Wá

Àbúrò mi ọkùnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ẹnjinía, ló ní àpótí kọ̀ǹpútà mi ti gbó. Ó tú gbogbo ìfun kọ̀ǹpútà náà, ó kó o sínú àpótí tuntun. Gíláàsì ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, iná aláràbarà sì ń sáré kiri nínú rẹ̀.

"Kí ni iná yẹn wà fún?"

"Ọ̀ṣọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ibi tí màá ki fíláàṣì bọ̀ ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́yìn."

Iwájú rẹ̀ kò ní ihò kan tí atẹ́gùn lè gbà wọlé. Mo ní ó dà bí kóòtù olówó ńlá tí kò ní àpò.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ń tẹ ìwé kíkà fún kílàásì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwa àgbà. Olùkọ́ wa ní láti gbé e dé ilé ìtẹ̀wé kí aago mẹ́rin tó lù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé yóò bẹ̀rẹ̀ láìníwèé. Mo mọ bó ṣe máa ń rí. Nígbà tèmi, àwa mẹ́jọ la yí ìwé kan ká. Òdìkejì ni mo jókòó sí. Orí kodò ni mo kọ́kọ́ mọ lẹ́tà A.

Mo tẹ ojú ìwé kan parí, kọ̀ǹpútà kú. Mo tan án níbi sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, mo tún ojú ìwé náà tẹ̀, ó tún kú. Ohun tí n kò tíì fi pamọ́ sì bá a lọ.

Mo pe Ẹnjinía. Ó ní ooru ni, ó ṣí gíláàsì. Ó kú. Ó ní wáyà ni, ó pààrọ̀ wáyà. Ó kú.

"Bóyá ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ le jù."

"Ìka méjì péré ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá onímọ̀."

Ó fa àga. "Ẹ máa ṣe é kí n máa wò yín."

Mo tẹ ojú ìwé kan parí. Mo gbé bébà tí mo wò tẹ̀ ẹ́ sórí àpótí, mo fi òkúta mi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí fáànù má baà gbé e lọ, bí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́fà. Kọ̀ǹpútà kú.

Ẹnjinía gbé òkúta kúrò. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tan kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì fi ń pa á, wà, dúdú lórí dúdú.

"Ta ló ń fi bọ́tìnì sórí òrùlé?" ni mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń gbé òkúta lé kọ̀ǹpútà?"

"Ẹni tó ni ín."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wojú mi, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Ó lẹ ìdérí ike bo bọ́tìnì náà, ó jókòó, ó ń ka bébà náà fún mi, mo ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí olùkọ́ wa fi máa kanlẹ̀kùn, ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, ojú ìwé méjì sì kù. Mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn àpótí, mò ń wá ihò fíláàṣì, mò ń kùn. Nígbà tí mo kó èyí tí mo ti tẹ̀ sínú fíláàṣì tán, mo mú bírò, mo fi ọwọ́ kọ méjèèjì tó kù.

Olùkọ́ wò ó. "Ṣé wọ́n á lè kà á?"

"Bí ẹ bá ti fún kálukú ní tirẹ̀, wọ́n á kà á."