Íńṣì Méjìdínlógún

Aránṣọ pòṣé, ó ju ìwé ìfẹ́ tó ń kà sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n ní ọkùnrin inú ìwé fi ọwọ́ méjèèjì ká olólùfẹ́ rẹ̀ ní ìbàdí, ìka sì kan ìka. Aránṣọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe òbìrí, ó fi téèpù wọ̀n ọ́n: íńṣì méjìdínlógún.

"Irọ́ funfun báláú!" ló sọ fún nọ́ọ̀sì tó yá a níwèé, tó wá gba búláòsì rẹ̀. "Ìbàdí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi nìyí! Bí obìnrin bá sì yọ ikùn díẹ̀ nínú ìwé wọn, ìyá ọkọ burúkú ló ń dà."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ jẹ́ n máa mú un lọ nígbà náà."

Aránṣọ já ìwé gbà. "Ta ló ní mo ti kà á tán?"

Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ, ó ṣí ojú ìwé tó ti ṣẹ́ létí. Níbẹ̀, ọkùnrin yẹn kò di ẹnikẹ́ni mú níbàdí. Ó kàn bèèrè lọ́wọ́ olólùfẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé kò rẹ̀ ọ́?" Aránṣọ kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkọ tirẹ̀ kì í nà án, kì í febi pa á, ṣùgbọ́n tó bá wọlé, oúnjẹ ló ń bèèrè, kì í bèèrè àlàáfíà ẹni tó sè é.

Ogún ọdún ló ti ń wọn èèyàn. Kò sẹ́ni tó wọn òun rí.

Ó dìde síwájú dígí, ó na apá méjèèjì bí oníbàárà, ó sì dúró.