Owó Tó Kù Lẹ́yìn Owó Ilé

“Lọ́yà, owó wo lẹ tún ń béèrè? Owó ilé pé ṣánṣán nínú àpò yìí.”

Kabirat gbá àpò náà mọ́ àyà. Mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún náírà ni. Ọdún mẹ́sàn-án tó fi ta tòmátì ní Mile 12 ló wà níbẹ̀. Ilé oníyàrá méjì ní Ìṣẹri Olówóra ló fẹ́ fi rà lọ́wọ́ Àlàájì Shittu, tó jókòó tì í ní ọ́fíìsì lọ́yà ní Kétu.

Lọ́yà Cecilia rẹ ohùn sílẹ̀. “Mummy, owó ilé nìyẹn. Ti ajẹ́ńtì tó mú yín débẹ̀, ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún. Ti ìwé àdéhùn tèmi, ọgọ́ta. Àwọn ẹbí onílẹ̀ máa gba ogójì kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó máa wọn ilẹ̀, ogún. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ọgọ́sàn-án ẹgbẹ̀rún.”

“Yéè! Mo gbé! Ta ló sọ fún mi?”

Kò sẹ́ni tó sọ fún un, òun náà ò sì béèrè. Ìyẹn ló dùn ún jù. Ó ti sọ fún lánlọ́ọ̀dù wọn pé àwọn ń kó jáde. Ayálégbé tuntun ń bọ̀ ní Sátidé. Bí ilé yìí bá bọ́, níbo lòun, ọkọ àti ọmọ mẹ́ta máa forí pamọ́ sí? Omi lé ròrò sójú ẹ̀.

“Ìyá Labeebah,” ni Àlàájì Shittu wí, “ṣebí oníṣòwò ni yín. Ṣé iye tí wọ́n ta apẹ̀rẹ̀ tòmátì lókè Ọya náà ló fi ń dé Mile 12?”

Kabirat fẹ́ bínú, àmọ́ ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Owó mọ́tò, owó aláàárù, owó tíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó bàjẹ́ lọ́nà, kò sí èyí tí kì í ṣírò. Odindi ilé ló wá rà bí ẹni ra bọ̀ọ̀lì! Bí owó ẹ̀ ò bá sì ká apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá, mẹ́jọ ló máa ń rà.

Ó nu ojú. “Àlàájì, àwọn ilẹ̀kùn onírin àti fèrèsé tuntun yẹn, eélòó lẹ rà wọ́n?”

“Wọ́n lé ní igba ẹgbẹ̀rún, ní Owódé Onírin.”

“Ẹ tú wọn, kẹ́ ẹ kó wọn lọ. Ẹ yọ ọgọ́sàn-án kúrò nínú owó ilé.”

Lọ́yà lanu sílẹ̀. “Mummy, ilé tí ò nílẹ̀kùn?”

“Ilé mi ni. Ilẹ̀kùn á bá mi níbẹ̀.”

Àlàájì mí kanlẹ̀, ó ní ó dáa.

Ní Sátidé, Nojeem ọkọ ẹ̀ gbé bẹ́ẹ̀dì dé. Tápólì tí Kabirat fi ń bo tòmátì ló ta sẹ́nu ọ̀nà. Nojeem dúró síta, kò mọ ohun tí yóò kàn.

“Àgò onílé o!” ló kúkú pè.

Nínú yàrá, Kabirat gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Látọjọ́ tó ti dé Èkó, kò sẹ́ni tó pè é ní onílé rí.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Labeebah,” ó ní, “ẹ tún un pè.”